Bí ẹ ṣe máa ra páàtì ọkọ̀ àlòkù lórí fóònù n'Ìbàdàn tí gbájúẹ̀ ò ní jẹ owó yín, àti bí ẹ ṣe máa tà á

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ṣe èmi fúnra mi, kẹ́ ẹ má rò pé ọgbọ́n àgbà ni mo fẹ́ gbọ́n fún yín. Kíìkì sítátà Corolla mi dákẹ́ lọ́jọ́ kan ní Mókọ́lá, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dún kẹ́ kẹ́ kẹ́, mo tún un yí, kò dún mọ́ rárá, àwọn ọmọ tó ń ta pure water ló bá mi tì í dé ẹ̀gbẹ́ títì. Mẹkáníìkì mi l'Àpáta ní kíìkì yẹn ti lọ nìyẹn, kí n wá òmíì. Dípò kí n wọ mọ́tò lọ sí ọjà páàtì Àràròmí ní Gate, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo nà sí tí mo ń fi ìka yí fóònù, mo wá rí ẹnì kan tó gbé fọ́tò kíìkì kan tó mọ́ tónítóní síta, owó ẹ̀ ò tó ìdajì ohun tí mẹkáníìkì pè fún mi. Mo pè é. Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ kẹ́ ẹ rí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, "ẹ̀gbọ́n" níwájú, "ẹ̀gbọ́n" lẹ́yìn. Ó ní Èkó lòun wà, òun á fi ṣe wéébíìlì, ìyẹn kóun gbé e fún mọ́tò èrò, wá sí Ìwó Road, kí n ṣáà sanwó kó tó di pé ẹlòmíì gbé e. Mo sanwó.

Páálí dé lọ́jọ́ kejì lóòótọ́, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi wé e yípo yípo bí ọmọ tuntun. Mo gbé e dé Àpáta, mẹkáníìkì fọwọ́ kan gbé e, kò tíì tú nǹkan kan, ó kàn wò mí lójú, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí nǹkan yìí fúyẹ́ báyìí?" Ó tú bóòtù méjì tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Òfìfo. Wọ́n ti yọ gbogbo bàbà inú ẹ̀ lọ tà, ìkarahun ni wọ́n dì sí páálí fún mi. Nọ́ńbà ọ̀gbẹ́ni ò lọ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Àtìgbà yẹn mo ti ra oríṣiríṣi páàtì lórí fóònù tí kò sí wàhálà, mo tún ti tú Camry kan tí wọ́n fi gbá òpó, mo tà á ní wẹ́wẹ́, torí náà mo ti wà lápá méjèèjì. Ìkánjú wa làwọn èèyàn yìí fi ń jẹun. Ìgbésẹ̀ tí mo máa ń tẹ̀ lé nìyí, ẹ má fo ọ̀kankan.

1. Ẹ mọ nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń wá kẹ́ ẹ tó wá a

Ẹ má kàn lọ kọ ọ́ síbì kan pé "mo ń wá alternator Big Daddy". Camry Big Daddy oní pọ́ọ̀gì mẹ́rin wà, V6 oní mẹ́fà náà wà, páàtì ẹ́ńjìnnì wọn ò jọra. Gbájúẹ̀ fẹ́ràn ẹni tí ò mọ nǹkan tó ń wá, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bèèrè ló máa sọ pé òun ní.

Ẹ lọ síbi ọkọ̀ yín. Ẹ wo abẹ́ dígí iwájú lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà látìta, tàbí kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn kẹ́ ẹ wo sítíkà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn. VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, wà níbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 17 lápapọ̀. Wọn kì í lo lẹ́tà I, O àti Q nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ohun tó jọ O, òdo ni. Fún àwọn ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, èyí tó wà nípò kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 3 ni 2003, 8 ni 2008, A ni 2010. Ibẹ̀ lẹlòmíì ti máa mọ̀ pé "2006" tóun ń fi yangàn lọ́jọ́ gbogbo, 2004 ni, ẹ má bínú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páàtì yín tó bàjẹ́ gan-an. Ti Toyota máa ń jẹ́ nọ́ńbà márùn-ún, dáàṣì kan, lẹ́yìn náà márùn-ún míì tó lè ní lẹ́tà nínú. Márùn-ún àkọ́kọ́ ló ń sọ irú páàtì tó jẹ́. 28100 ni kíìkì sítátà, 27060 ni alternator tó ń fún bátìrì ní iná, 89661 ni bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Èyí tó tẹ̀ lé dáàṣì ló ń sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe é fún. Ẹ fi ìnujú nù ún, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi pamọ́ sórí fóònù. Tí mo bá ti mọ èyí nígbà tọ̀hún ni, ǹ bá ti sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn pé kó ka 28100 tiẹ̀ fún mi.

2. Ẹ gbọ́ iye tó ń lọ ní Gate

Ìbàdàn la wà, ọjà Àràròmí ò jìnnà síbì kankan. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ẹ ò ní láti rà. Ẹ bèèrè iye tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní Belgium, ẹ bèèrè iye tuntun, ẹ bèèrè iye èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí. Tí àyè ò bá sí, kí mẹkáníìkì pè fún yín, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó lè fi tiẹ̀ lé e díẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ...

Tí gbogbo Gate bá ń pe nǹkan ní 60,000, tẹ́nì kan lórí fóònù pè é ní 52,000, ó ṣeé ṣe, kì í san owó ṣọ́ọ̀bù. Tó bá pè é ní 25,000, ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí kò gbé e lọ bá àwọn ará Gate fúnra wọn, tí wọ́n máa fún un ní 40,000 lójú ẹsẹ̀.

3. Ẹ dán ẹni tó ń tà á wò

Ẹ fi Google Lens wo fọ́tò ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé fọ́tò yẹn náà ló wà lórí ìkànnì àwọn òyìnbó kan, tàbí lọ́dọ̀ èèyàn mẹ́ta míì tí orúkọ wọn yàtọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Tó bá jẹ́ pé pẹ́èjì Facebook ló ní, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Page transparency sí, ó máa sọ ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ àti orúkọ tó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ti rí oníspare parts tí pẹ́èjì ẹ̀ ń ta wíìgì ní oṣù méjì ṣáájú.

Ìdánwò tó gbà mí jù nìyí o. Ẹ ní kó kọ nǹkan sórí bébà, orúkọ àdúgbò yín àti ọjọ́ òní, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kó yà á. Tàbí kó ṣe fídíò kékeré kan, kó máa yí páàtì náà lọ́wọ́ títí nọ́ńbà ara ẹ̀ á fi hàn. Ẹni tó ní ọjà nílẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹni tí ò ní, ẹ máa gbọ́ èdè. Èyí wà lórí WhatsApp mi títí dòní:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ 'Àpáta, Tuesday' sórí bébà kẹ́ ẹ gbé e ti alternator yẹn, kẹ́ ẹ yà á fún mi."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ rajà ni àbí ìdánwò WAEC lẹ fẹ́ ṣe fún mi? Àwọn mẹ́ta ló ń dúró de nǹkan yìí o, ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ni mo máa fún."

Mo ní kó fún àwọn mẹ́ta yẹn, kí wọ́n pín in. Ó búlọ́ọ̀kì mi.

Ẹ tún bi í ní ìbéèrè tí ẹni tó mọṣẹ́ máa mọ̀: ara ọkọ̀ wo ló ti yọ ọ́, pọ́ọ̀gì mélòó, kí ló ṣe ọkọ̀ yẹn tó fi tú u. Ẹni tó bá ń dáhùn gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú "ó dáa gan-an ọ̀gá, first grade ni", ẹ máa rìn.

4. Ọ̀rọ̀ wéébíìlì

Ibí ni owó púpọ̀ ti ń lọ, ẹ fara balẹ̀ kà á. Tó bá jẹ́ pé Ìbàdàn lẹni yẹn wà, kò sí ìdí tẹ́ ẹ fi máa sanwó ṣáájú, ẹ lọ bá a, tàbí kẹ́ ẹ pàdé lọ́dọ̀ mẹkáníìkì yín lọ́sàn-án. Tó bá kọ̀, tó ní òun ò ráyè, tó ní àbúrò òun ló máa gbé e wá àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ Èkó ló wà, ẹ wá ẹnì kan, ìbátan, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́, ẹni tó lè dé Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ibi yòówù tó ní òun wà, kó fojú rí i, kó fọwọ́ kàn án, kó fi fídíò hàn yín, ìgbà yẹn lẹ máa tó fi owó ránṣẹ́ níwájú ẹ̀. Ẹ fún onítọ̀hún lówó ọkọ̀ kẹ́ ẹ fi owó jíjẹ lé e, ó dáa ju kí páàtì bọ́ sọ́wọ́ olè lọ.

Tí kò bá sẹ́ni rárá, ẹ sọ pé ìgbà tí ọjà bá dé páàkì lẹ máa sanwó, àwọn dírẹ́bà kan máa ń bá èèyàn gba owó yẹn padà fún ẹni tó ni ọjà. Ẹ bèèrè páàkì wo, Ọ̀jọ́tà ni àbí Berger, nọ́ńbà mọ́tò, orúkọ dírẹ́bà. Kẹ́ ẹ má pe nọ́ńbà tí òǹtajà fún yín nìkan, torí pé "dírẹ́bà" yẹn lè jẹ́ òun náà tó yí ohùn padà. Bí wọ́n ṣe máa ń lu ẹni tó bá ti sanwó ṣáájú nìyí: ẹ ti sanwó ọjà, ó ku kí ẹ gbọ́ pé mọ́tò ti dé, dírẹ́bà á wá pè yín pé wọ́n dá àwọn dúró ní Mọ̀wé lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n ní ẹrù yẹn ò ní rìsíìtì, kẹ́ ẹ yára fi 10,000 ránṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí téṣàn. Ẹ bá fi ránṣẹ́, á tún di 15,000. Kò sí mọ́tò kankan ní Mọ̀wé.

Tí páálí bá dé, ẹ tú u níwájú dírẹ́bà kó tó lọ. Ẹ fi fídíò ká a látìgbà tẹ́ ẹ ti ń ya sẹ́lótéèpù. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́, ṣé ó wúwo bó ṣe yẹ?

5. Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò

Kíìkì sítátà: ẹ jẹ́ kí rẹ́wáyà, ìyẹn oníná ọkọ̀, fi bátìrì àti wáyà dán an wò lórí ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ó gbọ́dọ̀ ta jáde kó yí kíá. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Alternator: ẹ fọwọ́ yí i, tó bá ń pariwo garagara, bẹ́rìn ẹ̀ ti jẹ. Lára ọkọ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, mítà gbọ́dọ̀ máa sọ nǹkan bíi 13.5 sí 14.5 fólítì. Tó bá dúró sí 12, bátìrì nìkan ló ń dá iṣẹ́ ṣe.

Ṣọ́ọ̀kì: ẹ fura sí ọ̀dà dúdú tuntun. Wọ́n máa ń nu òróró tó ń jò lára ẹ̀, wọ́n á fín ọ̀dà sí i, á máa dán. Ẹ fi èékánná họ ọ́. Tí ọ̀dà bá ṣí tẹ́ ẹ rí ìpẹtà lábẹ́ ẹ̀, tàbí tí ọ̀pá tó ń wọlé tó ń jáde bá tutù fún òróró, ẹ dá a padà.

Kátálíìsì, ìyẹn èyí tó wà lójú ọ̀nà páìpù èéfín tó ń dín oró èéfín kù, èyí dùn mí lọ́kàn. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú ohun tó dà bí afárá oyin tó wà láàárín ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kiri ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì pé àwọn ń ra kátálíìsì. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà, wọ́n ti kó inú ẹ̀ kúrò, wọ́n wá wẹ́ẹ̀dì í padà. Ẹ wo ojú wẹ́ẹ̀dì tuntun, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò ẹ̀, ẹ mì í. Tẹ́ ẹ ò bá rí afárá oyin yẹn nínú ẹ̀, tó jẹ́ ihò gbàǹgbà nìkan lẹ rí láti ìbí dé ọ̀hún, páìpù lásán lẹ fẹ́ rà yẹn. (Tí ọkọ̀ yín bá sì ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé tó kàn ń pariwo lójijì, ẹ yẹ tiyín náà wò.)

Bréènì bọ́ọ̀sì: 89661 nìkan ò tó, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé dáàṣì gbọ́dọ̀ bá tiyín mu pátápátá. Tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín bá ní chip nínú, òmíì tẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀ lè má dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀, ọkọ̀ ò ní sítáàtì, òǹtajà á ní ọjà òun dáa o, òótọ́ ló sì ń sọ. Ẹ bá rẹ́wáyà sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Táyà: ẹ wá DOT lára ẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà lè dúdú kó máa dán kó ti pé ọdún 10. Táyà àlòkù ọkọ̀ kéékèèké wà lára ọjà tí ìjọba fòfin dè pé kí wọ́n má kó wọ̀lú, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì kún fún un. Èmi ò rà á mọ́.

Ẹ́ńjìnnì àti gíà, ẹ má rà á láì gbé mẹkáníìkì lọ, tán. Kó fi sípánà yí i, kó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, tí nǹkan funfun bíi ògì bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún yín láti fi dán an wò.

Airbag àti búréèkì, ẹ má rà wọ́n lórí fóònù, ẹ má jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀.

6. Ẹrù olè

Tí wọ́n bá ń ta iná iwájú tàbí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ṣì tuntun lówó pọ́ọ́kú, ẹ wo wáyà ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e tí wọn ò tú u láti orí ẹ̀, ìkánjú ni wọ́n fi yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wa la ti kọ nọ́ńbà ọkọ̀ wa sára dígí, ẹ wo igun ẹ̀ bóyá wọ́n ti họ nǹkan kan kúrò. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹrù olè ni tó sì rà á, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù lára ẹni tó tà á.

7. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń tà

Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ni wàhálà àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin kan wá gba iná iwájú Camry lọ́wọ́ mi ní Challenge, ó wọṣọ dáadáa, ó ní òun ti ṣe tiráńsífà, fóònù mi sì dún lóòótọ́, orúkọ báńkì ló wà lókè ẹ̀, iye owó pé. Ohun tó tú u fó ni bálánsì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Owó tó wà ní àkáǹtì mi lọ́jọ́ yẹn, ìtìjú ni mo fi máa sọ ọ́, àlẹ́ẹ̀tì yẹn wá ń sọ fún mi pé mo ní 480,000. Mo ní "Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n wo àpù mi." Ó ní òun fẹ́ gba ìpè kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ń gba ìpè yẹn lọ títí di báyìí.

Torí náà, àpù báńkì yín nìkan lẹ máa wò. Kì í ṣe SMS, kì í ṣe screenshot tó ń fi hàn yín. Tó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe wọ́n, ẹ jọ jókòó, ẹ ra kóòkì, tí owó bá wọlé kó gbé ọjà lọ.

Tẹ́nì kan bá ní òun ti ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ jù, kẹ́ ẹ dá ìyókù padà, ẹ má dá kọ́bọ̀ padà kẹ́ ẹ tó rí i nínú àpù. Kódà tó bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí báńkì ló dá a padà. Tí orúkọ tó sanwó bá yàtọ̀ sí orúkọ ẹni tó wà níwájú yín, ẹ bèèrè ìdí, torí wọ́n lè ti jí owó ẹlòmíì fi sanwó fún yín, báńkì á wá dí àkáǹtì yín pa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fi línkì ránṣẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti máa "gba" owó yín, tàbí tó ń bèèrè OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, olè ni. Kò sẹ́ni tó nílò OTP yín kó tó lè sanwó fún yín.

Èyí tó burú jù, èmi fúnra mi lọ́jọ́ kan: oníbàárà ra alternator, ó dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta pé kò ṣiṣẹ́. Mo wò ó, kì í ṣe tèmi. Tiẹ̀ tó ti kú ló kó fún mi, ó fi tèmi sílẹ̀ lára ọkọ̀. Mi ò ní ẹ̀rí. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń fi kíútẹ́ẹ̀sì pupa kan ojú méjì lára gbogbo ohun tí mo bá tà, ọ̀kan níbi tó hàn, ọ̀kan níbi tó fara sin, màá ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀, oníbàárà á rí mi bí mo ṣe ń yà á.

8. Tí wọ́n bá ti lù yín ní jìbìtì

Ẹ má jókòó máa ṣépè lórí WhatsApp, á kàn búlọ́ọ̀kì yín. Ìṣẹ́jú yẹn náà lẹ máa pe ẹ̀ka tó ń rí sí jìbìtì ní báńkì yín, nọ́ńbà wọn wà lẹ́yìn káàdì tàbí nínú àpù, ẹ fún wọn ní session ID, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí wọ́n fi ń dá owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ mọ̀, tó wà lára rìsíìtì tiráńsífà, ẹ ní kí wọ́n kàn sí báńkì tó gba owó kí wọ́n dá a dúró. Wéré wéré lowó ń kúrò láti àkáǹtì kan sí òmíì, torí náà kẹ́ ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹ má nu chat, ẹ má nu nọ́ńbà, ẹ ya screenshot gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú pẹ́èjì ẹ̀ kó tó yí orúkọ padà.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Ìyágànkú. Àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, EFCC náà ní ọ́fíìsì ládùúgbò yẹn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sórí bébà kẹ́ ẹ tó lọ: ọjọ́, aago, iye, orúkọ àkáǹtì, nọ́ńbà fóònù.

Lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ bá ti pariwo ẹ̀ síta, ẹnì kan máa yọ sínú inbox yín, á ní òun lè bá yín gba owó yẹn padà, àwọn ọmọ òun lè tọpa àkáǹtì ẹ̀, 5,000 péré lẹ máa kọ́kọ́ san. Irú ọ̀gbẹ́ni ti àkọ́kọ́ náà ni. Wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà ọ̀rọ̀ kíìkì yẹn, ohùn ẹ̀ dùn, "ẹ̀gbọ́n" níwájú, "ẹ̀gbọ́n" lẹ́yìn.